Ojú Méje, Mẹ́rin Ló Ń Ríran

Ilẹ̀ ti ṣú dáadáa nígbà tí ọkùnrin kan sáré wá kan fèrèsé ọkọ̀ mi. Iná pupa ló dá wa dúró ní oríta. Ó ti fi ọkọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn mi, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó ń wo iwájú, ó ń wo ẹ̀yìn, kí iná má baà yí padà mọ́ ọn lórí ìrìn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Iná ẹ̀yìn ohun tí ẹ ń fà yẹn ò yé mi rárá. Ẹ ní ẹ fẹ́ yà sósì, àmọ́ tọ̀tún náà ń ṣẹ́jú wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Tí ẹ bá tún wá tẹ bíréèkì, ńṣe ni gbogbo ẹ̀ ń ṣókùnkùn. Mi ò mọ ibi tí ẹ ń lọ."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sáré padà. Nígbà tí ọ̀nà ṣí, mo na ọwọ́ síta fèrèsé kí ó lè rí i pé òsì ni mo ń yà, mo sì rọra ń lọ títí mo fi délé.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Kò bú mi, kò sì fẹ̀sùn kàn mí. Ohun tó sọ ni pé òun ò mọ ibi tí mo ń lọ. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa lójú pópó ò rí ojú wa, kò gbọ́ ohùn wa, ẹsẹ̀ tí a gbé lé bíréèkì sì pamọ́ fún un. Gílóòbù pupa méjì ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ní láti bá a sọ. Nígbà tí mo sì ti so ẹrù mọ́ ìdí ọkọ̀, ẹrù náà ti bo iná ọkọ̀ fúnra rẹ̀ mọ́lẹ̀. Iná ara tírélà ló wá di ẹnu mi, ẹnu náà sì ń kólòlò.

Kí n tó lọ jìnnà, tírélà tí mo ń wí yìí kì í ṣe ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tí ọ̀pọ̀ wa mọ orúkọ yẹn mọ́. Èyí tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù ni, tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tó jẹ́ pé ara ọkọ̀ tó ń fà á ni iná rẹ̀ ti ń wá. Okùn wáyà kan ló so àwọn méjèèjì pọ̀. Púlọ́ọ̀gì tírélà á ki orí bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ara wọn. Ohun tí ojú mi rí nídìí sọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré yẹn ni mo fẹ́ sọ.

Tírélà tí mo kọ́kọ́ ní kéré, táyà méjì péré ló ní, olójú mẹ́rin sì ni sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ojú mẹ́rin náà tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, pẹlẹbẹ. Wáyà funfun ni áàtì, ọ̀nà tí iná ń gbà padà sílé. Wáyà búráùn ń gbé iná alẹ́. Èyí tó ní àwọ̀ ìyeyè wà fún òsì, èyí tó ní àwọ̀ ewé wà fún ọ̀tún, àwọn méjèèjì yìí ló sì ń gbé tàràfíkétọ̀ àti iná bíréèkì pa pọ̀ lórí wáyà kan náà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Amẹ́ríkà. (Ní Yúróòpù, wọ́n ya tàràfíkétọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára bíréèkì, ojú 7 tàbí 13 ni sọ́kẹ́ẹ̀tì tiwọn sì ń ní. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ya iná méjèèjì sọ́tọ̀, tí tírélà rẹ̀ kò sì yà wọ́n, gbọ́dọ̀ fi bọ́kìsì kékeré kan sáàárín tí yóò pa wọ́n pọ̀.) Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ti ọkọ̀ dáadáa, ẹ óò rí i pé ojú mẹ́ta ló wọ rọ́bà, ẹyọ kan ló wà ní ìhòòhò. Áàtì ni èyí tó wà ní ìhòòhò. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kó lè jẹ́ pé bó bá jábọ́ tó fara kan irin, iná kankan ò ní jó.

Mo fẹ́ràn olójú mẹ́rin. Ó ṣe ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é. Àmọ́ ìròyìn nìkan ló ń gbé. Ó ń sọ fún ẹni ẹ̀yìn pé mo wà níbí, mo ń dúró, mo ń yà. Kò sí gbólóhùn kan tó ń sọ fún tírélà fúnra rẹ̀.

Ìyẹn ò dùn mí títí mo fi ra tírélà kejì. Àlòkù ni, ó ní áàsì méjì, táyà mẹ́rin, bíréèkì oníná sì wà nínú táyà kọ̀ọ̀kan. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ rí roboto, olójú méje: mẹ́fà yí ọ̀kan ká. Mẹ́rin nínú wọn ni mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Wáyà búlúù wà fún bíréèkì tírélà. Wáyà dúdú ń gbé iná bátìrì lọ sẹ́yìn. Èyí tó wà láàárín gan-an wà fún iná rìfáàsì. Olójú mẹ́rin ni ọkọ̀ mi ní. Mo wá ra adápítọ̀ kan, orí rẹ̀ kan pẹlẹbẹ, ìkejì roboto. Mo ki orí pẹlẹbẹ bọ ara ọkọ̀, mo ki púlọ́ọ̀gì tírélà bọ orí roboto, iná tàn. Ọ̀rọ̀ parí lójú mi. Oṣù bíi mélòó kan ni mo fi fa tírélà yẹn kiri bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú alẹ́ tí ọkùnrin yẹn kan fèrèsé mi, mo gbé ẹrù wúwo, mo sì ń sọ̀ kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó gùn. Mo tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ rọ ìrìn díẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí nǹkan tì mí látẹ̀yìn, bí ìgbà tí èèyàn gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ọ lẹ́yìn tó ń tì ọ́ lọ síbi tí o ò fẹ́ lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ sí i. Ó tì mí sí i. Mo já jíà sísàlẹ̀, mo di kẹ̀kẹ́ ìtọ́kọ̀ mú dan-indan-in. Nígbà tí mo fi máa délẹ̀ pẹrẹsẹ, òórùn bíréèkì tó gbóná ti kún inú ọkọ̀. Mo dúró, mo sọ̀ kalẹ̀, mo na ọwọ́ sí tòsí táyà iwájú píkọ́ọ̀pù. Ooru rẹ̀ lé ọwọ́ mi padà kí n tó fi kàn án. Mo lọ sẹ́yìn, mo gbé ọwọ́ lé táyà tírélà, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Wọ́n tutù.

Mo rò pé ohun rere ni. Mo ní tírélà mi ò ní wahálà kankan. Ẹrù ló pọ̀ jù, n óò dín in kù lẹ́yìn èyí.

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan tó fi iṣẹ́ rẹ́wáyà ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí ọkùnrin yẹn kan fèrèsé mi ni mo pè é. Lẹ́yìn tí a kí ara wa tán, mo ro gbogbo ẹ̀ fún un, látorí iná tó ń kólòlò dórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Táyà tírélà tutù lẹ́yìn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́?"

"Wọ́n tutù, ẹ̀gbọ́n."

"Ọkọ̀ rẹ ní bọ́kìsì bíréèkì tírélà? Èyí tí wọ́n ń kàn sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù?"

"Kò ní."

"Kí ló wá ń ran iná sí bíréèkì ẹ̀yìn?"

"Mo rò pé sọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo rà yẹn ló ń ṣe é."

"Àbúrò, ojú méje lo rà. Mẹ́rin ló ń ríran nínú ẹ̀. Mẹ́ta tó kù, afọ́jú ni wọ́n."

Mo lọ tú adápítọ̀ náà. Òótọ́ ni. Wáyà mẹ́rin ló wọnú rẹ̀, ojú mẹ́ta tó kù ní irin, àmọ́ kò sí wáyà kankan lẹ́yìn irin náà. Adápítọ̀ ò parọ́ fún mi. Ohun tí wọ́n ṣe é fún ni pé kí iná tírélà lè tàn lẹ́yìn ọkọ̀ olójú mẹ́rin, ó sì ń ṣe é. Èmi ni mo rí ojú méje tí mo gbà pé iṣẹ́ méje ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ka èyí tó ní irú ẹ̀ lọ́wọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ lọ fọwọ́ kan táyà yín lẹ́yìn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ń bọ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà tó dẹ́rù bà mí ju ti bíréèkì lọ. Ní iwájú tírélà tó ní bíréèkì oníná, bátìrì kékeré kan sábà máa ń wà, àti súwíìṣì kan tí wọ́n fi okùn irin tín-ín-rín so mọ́ ara ọkọ̀. Bí tírélà bá já lára ọkọ̀ lórí ìrìn, okùn yẹn á fa píìnì kan yọ, bátìrì kékeré náà á da iná sí gbogbo bíréèkì lẹ́ẹ̀kan náà, tírélà á sì dúró fúnra rẹ̀. Wáyà dúdú inú olójú méje ló ń ṣájì bátìrì yẹn. Wáyà dúdú tèmi ò dé ibì kankan. Mo gbé mítà lé bátìrì náà: ó kù díẹ̀ kó pé fóòtì 5 (fóòtì ni ìwọ̀n agbára tó ń ti iná), bẹ́ẹ̀ 12 ló yẹ kó ní. Ká ní ìkọ́ já lọ́jọ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, okùn á fa píìnì, píìnì á yọ, kò sì ní sí nǹkan kan.

Báyìí ni mo ṣe pinnu pé n óò ṣe é tán pátápátá. Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù ìsinsìnyí ló ti ilé iṣẹ́ jáde pẹ̀lú wáyà ẹrù fífà nínú wọn, tó jẹ́ pé èèyàn kàn máa ki sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú méje bọ ohun tí wọ́n ti fi sílẹ̀ lẹ́yìn bọ́ńpà, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tèmi ò ní in. Gbogbo wáyà tuntun ni mo ní láti fà láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Mo kọ́kọ́ tú nẹ́gẹ́tíìfù kúrò lórí bátìrì. Lẹ́yìn náà ni mo dojúbolẹ̀ sábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ láti wo iṣẹ́ ẹni tó ti ṣe olójú mẹ́rin kí n tó ra ọkọ̀ náà. Ó ti fi àwọn ìdè kéékèèké kan so wáyà rẹ̀ mọ́ wáyà ọkọ̀, irú èyí tó ní ehín irin tí a kàn máa fi púláyà fún pọ̀, tí ehín náà á gé rọ́bà wọlé títí á fi kan bàbà. Ó yá lọ́wọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ehín gbà wọlé ni omi náà ń gbà wọlé, ehín á sì tún ti gé díẹ̀ lára bàbà. Mo kórìíra ìdè yẹn, mi ò sì rò pé ó yẹ kó wà lábẹ́ ọkọ̀ kankan.

Wáyà funfun rẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀. Ó fi ìdè kan kàn án mọ́ ṣáásì lórí ọ̀dà, lórí ìpáta. Nígbà tí mo tú u, ìdè náà ṣẹ́ sí mi lọ́wọ́ bí àkàrà tó gbẹ. Mo bó rọ́bà wáyà náà sẹ́yìn ní ìwọ̀n orí ìka. Bàbà tó yẹ kó máa pọ́n dẹ̀dẹ̀ dúdú bí èédú, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé sì yí i ká létí. Mo gé e dànù. Mo tún bó ìwọ̀n orí ìka mìíràn: ó ṣì dúdú. Mo gé e. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni mo tó rí bàbà tó ń dán. Omi ti ń fà gòkè nínú rọ́bà láàárín àwọn okùn wáyà, bí epo ṣe ń fà gòkè nínú òwú àtùpà, láìsí ẹni tó rí i látìta.

Ohun tí ọkùnrin yẹn rí lálẹ́ ọjọ́sí wá yé mi. Gílóòbù ẹ̀yìn tírélà mi ní òwú méjì nínú, ti iná alẹ́ tó kéré, tó ń fa bí ìdajì áńpù (áńpù ni ìwọ̀n bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó), àti ti bíréèkì òun tàràfíkétọ̀, tó ń fa bí áńpù 2. Áàtì kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń gbà padà. Nígbà tí áàtì ti jẹrà, iná tó wọ òwú ńlá lósì kò rí ọ̀nà jáde. Ó wá gba inú òwú kékeré, ó bọ́ sórí wáyà búráùn, ó gba ibẹ̀ dé gílóòbù tọ̀tún, ó ń wá ilẹ̀ kiri níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀tún fi ń ṣẹ́jú nígbà tí mo ní òsì. Díẹ̀ tó ń rí ọ̀nà padà, inú bọ́ọ̀lù ìfàkọ̀, bọ́ọ̀lù irin tí a fi ń so tírélà mọ́ ọkọ̀, ló ń gbà, irin sí irin, lórí gírísì, tó ń mì jìgìjìgì lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé bọ́ọ̀lù yẹn pé kó jẹ́ áàtì òun ti gbẹ́kẹ̀ lé ohun tó ń yọ̀.

Ká ní mo kàn fi wáyà mẹ́ta tuntun kún olójú mẹ́rin àtijọ́, wàhálà náà ì bá pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Mágínẹ́ẹ̀tì inú bíréèkì kọ̀ọ̀kan ń fa bí áńpù 3. Táyà mẹ́rin, áńpù 12. Wáyà iná lásán sábà máa ń jẹ́ nọ́ńbà 16. (Bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré ni wáyà ń nípọn; bàbà inú nọ́ńbà 10 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ti 16.) Bí èèyàn bá fi nọ́ńbà 16 gbé áńpù 12 lọ sí ìwọ̀n mítà 10, fóòtì kan ààbọ̀ á sọnù lójú ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà 10, kò tó ìdajì fóòtì tó máa sọnù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni pé gbogbo áńpù 12 tó bá wáyà búlúù lọ ló gbọ́dọ̀ padà wálé, wáyà funfun sì ni ọ̀nà ìpadàbọ̀. Èèyàn á náwó sórí wáyà búlúù tó nípọn, á wá fi funfun tín-ín-rín tó bá nílẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Fóòtì tó dáàbò bò nígbà tó ń lọ, á tún pàdánù rẹ̀ nígbà tó ń bọ̀, bíréèkì á sì máa di táyà mú bí ẹni tó ń fọwọ́ pa ọmọ lórí.

Nítorí náà, nọ́ńbà 10 ni mo fi ṣe mẹ́ta: búlúù, dúdú, àti funfun. Mo fi fáìlì ha ọ̀dà ara ṣáásì títí irin fi ń dán ní ìwọ̀n owó ẹyọ, mo fi bóòtì tuntun dè é, mo sì fi ọ̀dà bò ó lẹ́yìn tí mo dè é tán kí ìpáta má baà padà. Mo ṣe bákan náà lára tírélà. Wákàtí kan àtààbọ̀ ni áàtì méjèèjì yẹn gbà mí, èmi ò sì rò pé wákàtí kankan wà nínú gbogbo iṣẹ́ náà tó wúlò jù ú lọ.

Wáyà dúdú ń bọ̀ tààrà láti ara bátìrì, nítorí náà mo fi fíúsì áńpù 30 sórí rẹ̀ kí ó tó rìn jìnnà sí bátìrì rárá. Fíúsì tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ò lè gba wáyà tó bó níwájú sílẹ̀. Mo sì fi riléè, súwíìṣì kan tí iná fúnra rẹ̀ ń ṣí, sí i, kí iná má baà kọjá àyàfi tí mo bá ti ṣíná ọkọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tírélà lè fa bátìrì ọkọ̀ gbẹ mọ́jú.

Wáyà búlúù ń ti inú bọ́kìsì bíréèkì bọ̀. Irú méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan máa ń ka àkókò: tí o bá ti tẹ bíréèkì, á bẹ̀rẹ̀ sí í da iná sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ dé ìwọ̀n tí o ti yàn, ìbáà ṣe pé o fẹ́ rọra dúró tàbí ọmọdé ló já sójú ọ̀nà. Ìkejì máa ń mọ bí ọkọ̀ ṣe ń rọ ìrìn tó, á sì mú tírélà dúró ní ìwọ̀n kan náà. Èkejì ni mo rà, n kì í sì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ra èkínní bí agbára bá ká a.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ wáyà fẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti kìlọ̀ fún mi lórí fóònù: "Má bá wáyà ṣe àròsọ. Bi í léèrè." Mo rò pé òwe ló ń pa. Ìgbà tí mo ṣí bọ́kìsì wáyà tírélà ni mo rí i pé àwọ̀ ibẹ̀ ò bá èyí tí mo mọ̀ mu. Ìlànà méjì ló wà. Nínú èyí tí mo kà sókè yìí, àwọ̀ ewé ni ọ̀tún, búráùn ni iná alẹ́, ìyeyè ni òsì, elésè-àlùkò sì ni rìfáàsì. Àwọn tó ń ṣe tírélà tí èèyàn ń sùn sínú rẹ̀ ní tiwọn: àwọ̀ ewé ni iná alẹ́, búráùn ni ọ̀tún, pupa ni òsì, ìyeyè sì ni rìfáàsì. Ẹni tó bá so ìyeyè mọ́ ìyeyè láàárín àwọn méjèèjì, gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ yà sósì ni iná funfun rìfáàsì á máa ṣẹ́jú sẹ́yìn. Funfun, búlúù àti dúdú nìkan ló bára mu. Mo wá jókòó ti tẹ́sítà, mo ń bi wọ́n léèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń so bébà kékeré mọ́ èyí tó bá ti dáhùn.

Ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo fi púláyà tí wọ́n ṣe fún un fún pọ̀, mo wá fi rọ́bà tó ń sún kì bí ooru bá kàn án bò ó, èyí tó ní gọ́ọ̀mù nínú. Tí ooru bá dé ara rẹ̀, ẹ óò rí gọ́ọ̀mù tó yọ díẹ̀ létí méjèèjì bí omi ojú. Ìgbà yẹn lẹ máa mọ̀ pé omi ò ní wọ ibẹ̀ mọ́. Tépù dúdú ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún kan, ó ti tú. Sọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ni mo kàn sábẹ́ bọ́ńpà, ìdérí rẹ̀ sókè kí ó máa padé fúnra rẹ̀, mo sì fi gírísì iná díẹ̀ pa ojú méjèèje. Okùn tírélà ní láti gùn tó kí ọkọ̀ lè yà kọ́nà láìfà á já, kó má sì gùn débi tí á máa wọ́lẹ̀. Mo ti rí èyí tó ń wọ́lẹ̀ rí, tí títì ti jẹ rọ́bà rẹ̀ tán dé bàbà.

Nírọ̀lẹ́, mo dá nẹ́gẹ́tíìfù padà, mo so tírélà mọ́ ọkọ̀, mo pe ọmọ mi obìnrin kó wá dúró sẹ́yìn, kó máa ké ohun tó bá rí sí mi. Mo tan iná alẹ́.

"Méjèèjì pọ́n, Dádì!"

Òsì.

"Òsì nìkan!" Ó dúró díẹ̀. "Ọ̀tún ò ṣe nǹkan kan."

Mo tẹ bíréèkì nígbà tí òsì ń ṣẹ́jú lọ́wọ́. Ó ní ọ̀tún dúró gbọn-in, òsì ń ṣẹ́jú, iná alẹ́ ò dínkù. Mo ní kó tún sọ ọ́. Ó tún un sọ. Mo fi sí rìfáàsì, ó pariwo pé funfun ti tàn, pé òun ń rí gbogbo ilẹ̀ ẹ̀yìn.

Mo wá yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ọkọ̀, nítorí wọn kì í dán súwíìṣì jíjá wò nígbà tí ọkọ̀ àti tírélà bá wà lórí ara wọn ní ti iná. Mo ti ṣájì bátìrì kékeré náà lánàá. Mo fa píìnì rẹ̀ yọ, mo gbìyànjú láti ti tírélà. Kò mì. Mo dá píìnì padà kíá kí mágínẹ́ẹ̀tì má baà gbóná.

Ọ̀kan ló kù. Mo tún ki púlọ́ọ̀gì bọ̀ ọ́, mo ní kí ọmọ mi wọlé sínú ọkọ̀, kó fi ìka ti ọ̀pá kékeré ara bọ́kìsì bíréèkì, èyí tó ń tẹ bíréèkì tírélà nìkan, kó dì í mú. Èmi kúnlẹ̀ ti táyà ẹ̀yìn, mo tẹ́ etí sí i. Mo gbọ́ ọ. Ohùn kan ń kùn jẹ́jẹ́ nínú irin, bí oyin nínú ihò igi. Mo lọ sí táyà kejì, ó ń kùn. Ìkẹta. Ìkẹrin. Tírélà tí mo ti ń fà láti oṣù bíi mélòó kan, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo bá a sọ̀rọ̀ tó gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e lọ sójú ọ̀nà pẹrẹsẹ tó gbẹ, mo ń sá ní nǹkan bíi kìlómítà 40 ní wákàtí, mo ń ti ọ̀pá náà, mo ń fi agbára kún un títí táyà tírélà fi fẹ́ há, mo wá dín in kù díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn pẹ̀lú irú ẹrù kan náà. Mo tẹ bíréèkì níbi tí mo ti tẹ̀ ẹ́ níjọ́sí. Kò sí ọwọ́ tó tì mí. Ohun tí mo gbọ́ ni pé nǹkan dì mí mú látẹ̀yìn, pẹ̀lẹ́, a sì jọ sọ̀ kalẹ̀. Mo dúró nísàlẹ̀, mo lọ sẹ́yìn, mo na ọwọ́ sí tòsí táyà tírélà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbóná.